Ìwé àpilẹ̀kọ tó ta yọ jù lọ́dún: ta ló kà á tán?

Ìbéèrè

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún tó kọjá ni mo gba oyè ọ̀mọ̀wé. Fásitì wa máa ń fún ìwé àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé tó bá ta yọ ní àmì-ẹ̀yẹ lọ́dọọdún. Ẹ̀ka wa fi orúkọ méjì sílẹ̀, tèmi sì wà níbẹ̀. Ẹni tí alábòójútó rẹ̀ lẹ́nu nínú sẹ́nétì fásitì ló gbà á. N kò sọ pé iṣẹ́ onítọ̀hún kò dára o. Ohun tó dùn mí ni pé mo bi ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ pé kí ni wọ́n rí sí orí karùn-ún ìwé mi. Ó wò mí lójú, ó ní: "Ìwé mọ́kànlá ló wọlé. Ta ló fẹ́ jókòó ka ojú ewé ọ̀ọ́dúnrún lọ́nà mọ́kànlá?" Bí wọn kì í bá kà á, kí wá ni wọ́n ń fún lẹ́bùn? Ṣé kò ní sàn kí wọ́n kúkú fagi lé e?

---

Èsì kìíní

Mo ti jókòó nínú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, nítorí náà ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe àgbọ́sọ. Ẹni tó dá yín lóhùn kò parọ́. Bó ṣe ń rí ní ibi púpọ̀ nìyẹn, àwọn yòókù kàn ń fi pamọ́ ni.

Ẹ wo ọ̀nà tí ìwé náà ń gbà. Ní ẹ̀ka, odindi ìwé ló wà nílẹ̀. Alábòójútó á kọ lẹ́tà, ẹ̀ka á sì yan ẹnì kan tàbí méjì. Nígbà tó bá dé fákọ́tì, ó ti di àṣamọ̀ ojú ewé kan, lẹ́tà alábòójútó, àbọ̀ olùdánwò láti ìta, àti iye pépà tí akẹ́kọ̀ọ́ náà ti gbé jáde nínú jọ́nà. Nígbà tó bá fi máa dé iwájú ìgbìmọ̀ fásitì, ìwé gan-an ti wà nínú kọ̀ǹpútà níbì kan, kí ẹni tó bá wù lọ ṣí i. Ẹni tó bá wù! Lọ́dún àkọ́kọ́ mi, ìwé mẹ́sàn-án ni mo dìbò lé lórí. Méjì péré ni mo kà parí nínú wọn. Ojú rẹ̀ ṣì ń tì mí títí dòní.

Síbẹ̀ n kò gbà pé kí wọ́n fagi lé e. Ẹ rò ó wò. Ọdún mẹ́rin, ọdún márùn-ún, nígbà mìíràn mẹ́jọ, ni èèyàn fi ń kọ ìwé yìí. Àwọn tó máa kà á láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ti ìkẹyìn lè má ju mẹ́rin lọ: alábòójútó, olùdánwò inú ilé, olùdánwò láti ìta, àti ọ̀rẹ́ kan tó ń bá a wo àṣìkọ. Àmì-ẹ̀yẹ yìí nìkan ni ìgbà tí fásitì ń pe àwọn èèyàn tí kò jẹ akẹ́kọ̀ọ́ náà ní gbèsè ohunkóhun pé kí wọ́n wá ka iṣẹ́ rẹ̀. Bí a bá fagi lé e, kíkà yẹn náà bá a lọ. Ohun tí mo máa bá ẹnikẹ́ni jà lé lórí ni pé kí ìwé padà sórí tábìlì.

Ní ti "ta ló fẹ́ kà á", ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìwé mọ́kànlá, olùkà méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kíkà méjìlélógún nìyẹn. Bí ọmọ ìgbìmọ̀ bá jẹ́ méje, mẹ́ta-mẹ́ta ló kàn wọ́n, ẹnì kan ṣoṣo á ka mẹ́rin. Ìwé mẹ́ta jẹ́ nǹkan bí ojú ewé 900. Bí wọ́n bá fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ojú ewé 16 lójúmọ́ ni. Ẹni tí kò bá lè ka ojú ewé 16 lójúmọ́, kó yọ̀ǹda àga fún ẹlòmíràn.

---

Èsì kejì: ọ̀rọ̀ kíka pépà

Àwọn mẹ́ta tó kọ̀wé sí mi ló ti ń sọ ohun kan náà: kí wọ́n ka iye pépà, kí wọ́n wo jọ́nà tó gbé e jáde, kí ẹni tó bá ní jù lọ gbà á. Wọ́n ní nọ́ńbà kì í ṣe ojúsàájú.

Nọ́ńbà ń ṣe ojúsàájú gan-an. Akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísìrì tó wọ yàrá ìwádìí tí ẹ̀rọ ti wà níbẹ̀, tó ti ń ṣiṣẹ́, tí àwọn mẹ́wàá ti ń bá a bọ̀ kó tó dé, lè ní pépà mẹ́rin láàárín ọdún mẹ́ta, orúkọ méjìlá á sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn tó fi ọdún mẹ́rin jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ àtijọ́, tó ń fi ọwọ́ da wọn kọ nítorí pé wọn kò jẹ́ kó ya fọ́tò, lè jáde láìní pépà kankan, nítorí odindi ìwé ni iṣẹ́ rẹ̀ máa dà lẹ́yìnwá ọ̀la. Kí la fẹ́ fi wọn àwọn méjèèjì pọ̀?

Àwọn tó ti pẹ́ nídìí ọ̀rọ̀ yìí mọ̀ pé ó le. Council of Graduate Schools, ẹgbẹ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ oyè gíga ní Amẹ́ríkà, ti ń fún ìwé àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé lẹ́bùn láti 1982. Ẹ̀ka ìmọ̀ ńlá méjì ni wọ́n ń mú lọ́dún kan, wọ́n á sì gbé e sọ́dọ̀ àwọn mìíràn lọ́dún tó bá tẹ̀ lé e, kí onífísíìsì má bàa máa bá onímọ̀ lítíréṣọ̀ figagbága. ACM, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, kò tilẹ̀ kúrò nínú ilé tirẹ̀ rárá: kọ̀ǹpútà nìkan. Fásitì tó bá ní àmì-ẹ̀yẹ kan ṣoṣo fún gbogbo ayé ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá ìjà sílẹ̀. Kó pín in sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, bí owó kò bá tiẹ̀ pọ̀.

Mo fara mọ́ ohun kan nínú ọ̀rọ̀ àwọn onípépà. Bí ìwé bá jẹ́ àkójọ pépà tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ kọ, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ síbẹ̀ ní ṣókí ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe: èmi ni mo gbé ìdánwò kalẹ̀, ẹni báyìí ló kọ kóòdù, èmi ni mo kọ gbogbo orí kẹta. Kí gbogbo àwọn tí orúkọ wọn wà níbẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Láìsí èyí, a lè máa fi adé àwùjọ dé orí ẹnì kan.

---

Èsì kẹta: ìwé kan tí n kò gbàgbé

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí, n kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Lọ́dún kejì mi nínú ìgbìmọ̀, ìwé kan wọlé lórí bí omi òjò ṣe ń rìn wọ inú ilẹ̀. Lẹ́tà alábòójútó rẹ̀ kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Pépà kan ṣoṣo ló ní. Alága ti fà á sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, níbi tí a ń kó àwọn tí a kò ní jíròrò lé lórí sí. Mo mú un lọ sílé nítorí pé ọ̀rọ̀ ọdún tó ṣáájú kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Orí kẹrin ló dá mi dúró. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ti ri ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin mọ́lẹ̀ ní ibi méjìlá, ó sì ti ń gba àkọsílẹ̀ wọn fún oṣù mẹ́rìnlá. Ìgbà náà ló wá kíyè sí i pé mẹ́rin nínú wọn ń sọ pé ilẹ̀ ń gbẹ lọ́sàn-án, ó sì ń rin padà lóru, lójoojúmọ́, òjò ì báà rọ̀, ì báà má rọ̀. Ilẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìsàlẹ̀ tó jìn. Ẹlòmíràn á yọ mẹ́rin yẹn dànù, á sì máa bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Ẹni yìí hú wọn jáde. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò ní àbùkù. Ó wá rí i pé àpótí tó ń gba àkọsílẹ̀ fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú oòrùn gangan, ti àwọn mẹ́jọ yòókù sì wà lábẹ́ igi. Ó fi ẹ̀rọ ìwọ̀n ooru sínú àpótí náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó sì ya ìlà méjì sí ojú ewé kan náà: ooru inú àpótí, àti ohun tí ẹ̀rọ pè ní ọ̀rinrin ilẹ̀. Bí èkíní bá gòkè, èkejì á sọ̀ kalẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan ń fi okùn fà wọ́n. Lẹ́yìn náà ló padà sí orí kẹta tirẹ̀, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohun tí òun dìde sọ níwájú àwọn onímọ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn kò dúró mọ́, ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Mo ka ojú ewé méjì níbẹ̀ sókè ní ìpàdé. Yàrá dákẹ́. Onímọ̀ èdè kan tó jókòó ní òdìkejì mi, tí kò mọ nǹkan kan nípa omi, ní kí n jọ̀ọ́ tún ìpínrọ̀ tó kẹ́yìn kà. Nígbà tí a dìbò, mẹ́rin sí mẹ́ta, ìwé tó ní pépà márùn-ún ló gbé e lọ. Alága ní òun kò mọ bí òun ṣe máa ṣàlàyé fún sẹ́nétì pé ẹni tó ní pépà kan borí ẹni tó ní márùn-ún.

A jà lọ́jọ́ yẹn. Ohun tó ti inú ìjà náà jáde ni òfin tí a fi ṣiṣẹ́ lọ́dún kẹta: èèyàn méjì gbọ́dọ̀ ka ìwé kọ̀ọ̀kan tán, ọ̀kan nínú wọn kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ẹ̀ka náà. Olùkà kọ̀ọ̀kan á kọ ojú ewé kan, á sì tọ́ka sí ibi mẹ́ta, ó kéré tán, nínú ìwé náà, pẹ̀lú nọ́ńbà ojú ewé. Ẹni tó bá kọ "iṣẹ́ yìí dára púpọ̀" láìtọ́ka síbì kankan, a ń dá a padà fún un. Lọ́dún yẹn, ìwé tí kò sẹ́ni tó ń retí ló gbà á, ẹnikẹ́ni kò sì ráhùn, nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí lè ṣí ojú ewé tí a tọ́ka sí kó wò ó fúnra rẹ̀.

---

Èsì kẹrin

Ẹnì kan ní kí n má tan ara mi: ẹ̀yin tí ẹ ń kà á pàápàá, ẹ kò lè mọ èyí tó máa di ńlá lọ́la.

Òótọ́ ni. Ẹ wo Cecilia Payne, onímọ̀ ìràwọ̀. Ní 1925 ló kọ ọ́ sínú ìwé àpilẹ̀kọ rẹ̀ pé háídírójìn àti hílíọ́ọ̀mù pọ̀ nínú ìràwọ̀ ju gbogbo nǹkan yòókù lọ fíìfíì. Henry Norris Russell, àgbà nínú ìmọ̀ ìràwọ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà náà, sọ fún un pé kò ṣeé ṣe. Payne wá fi gbólóhùn kan kún un pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ohun tí òun rí yẹn kì í ṣe òtítọ́. Ní 1929, Russell fúnra rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn dé ibi kan náà, ó sì gbà pé Payne jàre. Bí ìgbìmọ̀ bá jókòó ní 1925 láti fún un lẹ́bùn, ojú ewé tó níye lórí jù lọ nínú ìwé náà ni wọn ì bá tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí àléébù.

Ti Louis de Broglie, onífísíìsì ará Faransé, gba ibòmíràn. Ní 1924, ìwé tirẹ̀ ní Paris sọ pé ohun tó ní ìwúwo náà ń ṣe bí ìgbì. Ó rú àwọn tó ń dán an wò lójú. Paul Langevin, ọ̀kan nínú wọn, fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Einstein, Einstein sì yìn ín. Ní 1929, de Broglie gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀. Langevin mọ ibi tí ìmọ̀ tirẹ̀ mọ, ó sì mọ ẹni tó yẹ kó bi. Irú ọmọ ìgbìmọ̀ tí mò ń wá nìyẹn.

Einstein náà ńkọ́? Ìwé àpilẹ̀kọ tirẹ̀ ti 1905 ní àṣìṣe ìṣirò nínú, 1911 ni wọ́n tó tún un ṣe. Ti John Nash, onímọ̀ ìṣirò, ní 1950 kò ju nǹkan bí ojú ewé 30 lọ, iṣẹ́ yẹn ló sì wà nídìí Nobel tó gbà ní 1994. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ìnípọn ìwé tàbí àìlábàwọ́n rẹ̀ dẹ́rù bà wá.

Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́nà ẹni tó bi mí ni èyí: kò sẹ́ni tó ní ká máa sọ àsọtẹ́lẹ̀. A kò lè mọ ohun tí ayé máa fi ìwé kan ṣe ní ogún ọdún sí i. A lè mọ̀ bóyá ìbéèrè rẹ̀ tó nǹkan, bóyá ọ̀nà tó gbà wá ìdáhùn ṣe é tọ̀, bóyá ó sọ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ parí sí, bóyá ẹni tí kò sí nínú ẹ̀ka náà lè ka orí àkọ́kọ́ kó sì mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ náà. Gbogbo èyí wà nínú ìwé lónìí.

---

Èsì karùn-ún: lẹ́tà alábòójútó

Ní kúkúrú: kí wọ́n máa ka lẹ́tà gbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí olùkà bá ti fi ọwọ́ sí ojú ewé tirẹ̀.

Alábòójútó kan á kọ ojú ewé mẹ́ta pé irú èyí kò tíì ṣẹlẹ̀ rí, òmíràn tí kì í yin èèyàn á kọ "iṣẹ́ tó péye". Mo mọ ẹni kejì yẹn. "Péye" lẹ́nu rẹ̀ ju "àrà ọ̀tọ̀" lẹ́nu ẹlòmíràn lọ. Ta ló fẹ́ sọ ìyẹn fún ìgbìmọ̀?

Ó sì ju ọ̀rọ̀ ìwà lọ. Ní 2003, Frances Trix àti Carolyn Psenka gbé ìwádìí jáde lórí lẹ́tà ìfọwọ́sí tó lé ní 300 tí wọ́n kọ fún àwọn tó ń wá iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ńlá kan ní Amẹ́ríkà. Lẹ́tà àwọn obìnrin kúrú ju ti ọkùnrin lọ, ọ̀rọ̀ tó ń gbin iyèméjì sọ́kàn ẹni tó ń kà á sì pọ̀ nínú wọn jù. Bí lẹ́tà bá ṣáájú ìwé, ojú lẹ́tà la fi máa ka ìwé.

(Mo yà díẹ̀: ojú ewé ìdúpẹ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ kà. Ẹni tó bá dárúkọ oníṣẹ́ ẹ̀rọ yàrá ìwádìí àti ẹni tó ń bójú tó ilé ìkàwé, mo ti mọ̀ pé ó rí àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́. N kì í fún un ní máàkì lórí ìyẹn, àmọ́ inú mi máa ń dùn.)

---

Èsì kẹfà: bí ìwé tí a yìn bá di ti olè

Ẹnì kan béèrè èyí, ó sì yẹ ká dá a lóhùn. Karl-Theodor zu Guttenberg gba oyè ọ̀mọ̀wé òfin ní fásitì Bayreuth ní Jámánì ní 2007, pẹ̀lú ìyìn tó ga jù lọ. Ní oṣù kejì 2011, àṣírí tú pé ó ti kó iṣẹ́ oníṣẹ́ sínú rẹ̀ láìtọ́ka. Àwọn èèyàn ló kóra jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń yẹ ìwé náà wò lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Fásitì gba oyè náà lọ́wọ́ rẹ̀, òun tó jẹ́ mínísítà ètò ààbò nígbà náà sì fi ipò sílẹ̀ ní oṣù kẹta.

Àwọn tó tú àṣírí yẹn ka ìwé. Kíkà ni wọ́n fi ṣe é, ohun tó yẹ kó ti ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó yìn ín. Ẹ̀rọ tó ń wá ọ̀rọ̀ tó jọra dára, kí wọ́n lò ó kí orúkọ tó wọlé. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìlànà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé bí oyè bá lọ, àmì-ẹ̀yẹ náà lọ, kí ẹnikẹ́ni má bàa wá máa wá agbẹjọ́rò nígbà tó bá ṣẹlẹ̀.

---

Èsì keje: owó

ACM ń fún ẹni tó bá borí ní 20,000 dọ́là. Ti fásitì kò sábà súnmọ́ ìyẹn, ibòmíràn ìwé ẹ̀rí lásán ni. N kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí iye. Ohun tí mo rí ni pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè ń wá iṣẹ́, "ó gba àmì-ẹ̀yẹ" sì jẹ́ ìlà kan nínú fáìlì tí ẹni tó ń gbani síṣẹ́ á wò fìrí. Bí ìgbìmọ̀ bá kọ ìpínrọ̀ méjì síta pé ohun báyìí ni a rí, ní orí báyìí, ìdí tó fi dá wa lójú nìyí, ọ̀rọ̀ gidi ti dé ọwọ́ onítọ̀hún. Ó lè fi í ránṣẹ́ sí ibikíbi.

Àwọn tí kò gbà á náà ńkọ́? Ojú ewé tí àwọn olùkà méjì kọ nípa ìwé wọn, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wọn. Kò ná fásitì ní kọ́bọ̀. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ wa bẹ̀rù pé yóò fa ẹjọ́ wá. Mẹ́jọ la fi ránṣẹ́ lọ́dún kẹta. Ìdúpẹ́ ni mẹ́fà fi fèsì, ọ̀kan bá mi jiyàn lórí kókó kan (ó sì jàre), ẹni kẹjọ kò sọ nǹkan kan.

---

Èsì kẹjọ, sí ẹni tó bi ìbéèrè

Ẹ ti tún kọ̀wé pé inú ń bí yín sí i báyìí, ẹ sì ń béèrè ohun tó kù tí ẹ lè ṣe.

Ẹ kọ̀wé sí ìgbìmọ̀, ẹ má fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, ẹ má sì dárúkọ ẹni tó borí. Ẹ béèrè ohun méjì péré: ìlànà tí wọ́n fi yàn, àti bóyá ẹnikẹ́ni kọ nǹkan sílẹ̀ nípa ìwé yín. Bí kò bá sí, kí wọ́n kọ ọ́ fún yín pé kò sí. Ẹ fi ìdáhùn náà fún aṣojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oyè gíga, kó gbé e lọ sí ìpàdé tí wọ́n ti máa ń ṣètò ti ọdún tó ń bọ̀. Irú bébà bẹ́ẹ̀ ló ń yí òfin padà, mo ti rí i. Ẹ tún wo ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nínú iṣẹ́ yín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ẹ̀bùn tiwọn fún ìwé tí kò tíì pẹ́ tí wọ́n fi gboyè, àwọn mìíràn sì ń gbà kí èèyàn fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ yára wo gbèdéke ọjọ́ wọn.

Ní ti orí karùn-ún, lẹ́ẹ̀mejì lẹ ti dárúkọ rẹ̀ báyìí. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀ka tèmi yàtọ̀ sí tiyín, ẹ ó ní láti fara da ìbéèrè aláìmọ̀. Ẹ fi orí àkọ́kọ́ tì í kí n lè mọ ibi tí ẹ ti ń bọ̀. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo máa ń kọ nǹkan sí etí ìwé bí mo bá ń kà, ẹ jọ̀ọ́, èyí tí mo lè tẹ̀ sórí bébà ni kí ẹ fi ránṣẹ́.